Láti Arcella dé Odò Cuiabá, Nítorí Ẹkùn

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Ọdẹ́wálé, fi wọ bàtà tán, tí wọ́n sì jókòó sórí àpótí ẹrù wọn lẹ́nu ọ̀nà. Arcella ni wọ́n ń gbé, àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Padova, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àjèjì fi ṣe ilé. Èmi àbúrò wọn obìnrin ti wọkọ̀ wá láti Torino lọ́jọ́ tó ṣáájú, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn èdè.

“Àbẹ̀kẹ́,” wọ́n fi oríkì mi pè mí, “ìwé ìrìnnà wa ńkọ́? Permesso, ìwé ìgbélùú wa ńkọ́?”

“Ó wà nínú báàgì mi, Bùọ̀dá.”

“Fi hàn mí.”

“Ẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí.”

“Ojú tó ń lọ ni mo fi wò ó. Fi hàn mí.”

Mo fi hàn wọ́n. Tram kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà a fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀, mo di apá wọn òsì mú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ti ṣókùnkùn jù lójú wọn.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí a ń wá lọ. Ọdẹ ni bàbá wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ìròyìn ẹkùn lẹ́nu wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi dáyé, ẹkùn ti tán nínú igbó ìlú wa. Awọ rẹ̀ la mọ̀, òun gan-an la ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí Italy, awọ náà ni wọ́n tún bá pàdé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní conceria kan lẹ́bàá Vicenza, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ awọ màlúù di èyí tí a fi ń rán bàtà. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ awọ wò lábẹ́ iná funfun, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n rí ibi tí ẹ̀gún ti ya á tàbí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni dókítà rí glaucoma lójú wọn. Àìsàn náà ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán gan-an nìkan ni wọ́n ń rí, bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti inú ihò. Èyí tó ti lọ kò ní padà, dókítà kò sì lè sọ bí ìyókù yóò ṣe pẹ́ tó.

“Kí ilẹ̀kùn yìí tó tì,” ni wọ́n wí fún mi, “mo fẹ́ rí ẹkùn láàyè.”

A ṣèwádìí. Ẹkùn ilẹ̀ Áfíríkà máa ń fara pamọ́ púpọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní kí a lọ sí Pantanal, ilẹ̀ àbàtà ńlá tó wà ní Brazil, níbi tí ìbátan ẹkùn kan ti máa ń jáde sétí odò lójú ọ̀sán. Onça ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Orí rẹ̀ tóbi ju ti ẹkùn wa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, àwọn òrùka dúdú ara rẹ̀ sì ní àmì kéékèèké nínú. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn pé kì í ṣe ẹkùn kò jẹ̀bi. Ẹkùn ni mo pè é níhìn-ín nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè é.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Milano, bàálù sì fi nǹkan bíi wákàtí méjìlá gbé wa dé São Paulo. Bàálù kejì ló gbé wa dé ìlú Cuiabá, níbi tí ooru ti pàdé wa lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Ooru ilé nìyí,” ni Bùọ̀dá wí, wọ́n sì bọ́ kóòtù.

Afinimọ̀nà wa, Nélio, ń dúró dè wá pẹ̀lú tọkọtaya kan láti Modena tí a jọ wà nínú ìrìn àjò náà. Èdè Potogí ló ń sọ, àwa ń fi èdè Ítálì dá a lóhùn, a sì ń gbọ́ ara wa dé ìwọ̀n kan. Ní Poconé, ìlú tó kẹ́yìn kí a tó wọ àbàtà, a jẹun: ẹja odò yíyan, ìrẹsì àti farofa. Ogójì réàlì ni àwo kan, owó tí kò lè ra ju pizza kan lọ ní Padova. Farofa yìí, gàrí ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti yan án nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Kí n tó ṣàlàyé, Bùọ̀dá ti bu omi tútù sí i, wọ́n ń wá ṣúgà. Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá káwọ́ lérí. Bùọ̀dá tọ́ ọ wò.

“Àbẹ̀kẹ́, ta ló ba gàrí yìí jẹ́?”

Láti ibẹ̀, ọ̀nà eléruku pupa ló kù, bí àádọ́jọ kìlómítà ó dín díẹ̀, tí afárá orí rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti pákó. Lábẹ́ afárá kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀nì kéékèèké tẹ́ sílẹ̀ bí ìtì igi. A rí capivara, tó dà bí ọ̀yà ṣùgbọ́n tó tóbi tó ewúrẹ́, tó ń jẹko láìwo ẹnikẹ́ni.

“Ọ̀yà tó tó báyìí,” ni Bùọ̀dá wí, “ẹ sì kàn ń fi kámẹ́rà wò ó?”

Etí Odò Cuiabá ni ọ̀nà náà parí sí, ọjọ́ mẹ́ta ni a ó sì lò nínú ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Òfin Nélio kò pọ̀: kí a jókòó, kí a má pariwo, kí ẹnikẹ́ni má dìde nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ohun tó nawọ́ sí ló ti lọ kí ojú ẹ̀gbọ́n mi tó dé ibẹ̀. “Lápá òsì!” a ó ké, wọ́n á yí orí díẹ̀díẹ̀, omi lásán ni wọ́n á bá. Mo kọ orúkọ ẹyẹ mẹ́tàdínlógún sínú ìwé mi. Wọn kò rí ju mẹ́rin lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyàwó ará Modena mí kanlẹ̀, ó ní, “Eccolo!” Òun nìyẹn. Ẹkùn ti jáde sórí iyanrìn, ó ń rìn lọ sí etí omi. Ojú Bùọ̀dá kò tíì bá a, ṣùgbọ́n ara wọn ti gbọ́. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dìde dúró nínú ọkọ̀, wọ́n sì kí i sókè:

“Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá!”

Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Nélio gbá wọn ní bẹ́líìtì mú. Nígbà tí ọkọ̀ fi dúró jẹ́ẹ́, iyanrìn ti ṣófo.

“Ma signore, cosa fa?” ni obìnrin náà wí: ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń ṣe?

Bùọ̀dá ṣì ń wá a kiri. “Ṣé ó ti lọ ni?”

“Ó ti lọ, Bùọ̀dá.”

Wọ́n jókòó. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti orí Nélio dé orí èmi àbúrò wọn. Níbi oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n tó wí pé, “Lọ́la, má sọ òsì fún mi, má sọ ọ̀tún. Jẹ́ kí n wò ó bí mo ṣe mọ̀ ọ́n wò.”

Ọjọ́ kẹta pé, ó kẹ́yìn. Bí a ṣe ń lọ, rédíò Nélio sọ pé ẹkùn méjì wà lókè odò, gbogbo ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ. Bùọ̀dá fọwọ́ kàn mí.

“Sọ fún un kó dúró níbí.”

Ará Modena lọ́kùnrin ní ìyà ni kí a dúró níbi tí kò sí nǹkan kan. Nélio wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo rédíò, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. “Dez minutos,” ni ó wí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bùọ̀dá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ etí odò náà, wọ́n ń wò ó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n sún un, wọ́n wo òmíràn. Wọ́n dé òpin, wọ́n gòkè díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ padà. Mo mọ ìwò yẹn. Mo ti lọ kí wọn rí níbi iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ.

“Àbẹ̀kẹ́,” wọ́n rọra wí, “awọ kan ń bẹ níbẹ̀ yẹn.”

“Níbo, Bùọ̀dá?”

“Lábẹ́ igi tó wó yẹn. Òjìji ewé kì í ní àmì nínú òrùka.”

Mo gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Ewé ni mo rí, òjìji ni mo rí. Lẹ́yìn náà ni òjìji náà mí. Ẹkùn ni, ó sùn gbalaja, kò jìnnà sí wa tó ìwọ̀n ilé mẹ́ta. Ọkọ̀ mẹ́fà ti kọjá lọ níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn.

Ó la ojú, ó sì wo ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ṣùgbọ́n wọn kò dìde. Wọ́n di pákó ìjókòó mú gírígírí, wọ́n sì kí i bí ẹni ń gbàdúrà, láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ẹranko náà dìde, ó na ara, ó sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi ní ojúkojú wa. Ọ̀gangan ibi tí ìríran wọn mọ́ jù ló dúró sí, bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tó o, ó padà sínú igbó.

Obìnrin Modena nu ojú rẹ̀. “Bravo, nonno,” ni ó wí: ẹ kú iṣẹ́, bàbá àgbà. Nélio ní òun kò rí arìnrìn-àjò kankan tó ṣe irú èyí rí, ó sì ń bi mí pé ọdẹ ni wọ́n bí? Mo ní rárá, òṣìṣẹ́ ilé awọ ni wọ́n. Láti ìgbà náà ló ti ń pè wọ́n ní “Seu”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀sán ni a padà dé Padova. Ọmọ-ọmọ wọn, Morẹ́nikẹ́, ti wà ní ibùdókọ̀, ó ń fò sókè.

“Nonno, l'hai visto davvero?” Ṣé ẹ rí i lóòótọ́?

“Mo rí i. Òun náà rí mi.”

“E com'era?” Báwo ló ṣe rí?

Láti ibùdókọ̀ títí dé Arcella ni wọ́n fi dá a lóhùn: bí irun etí rẹ̀ ṣe funfun nínú, bí omi ṣe ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ibi tí ọgbẹ́ àtijọ́ kan wà léjìká rẹ̀. N kò rí ọgbẹ́ náà, èmi tí ojú mi méjèèjì pé. Nínú ìwé mi, mo ní orúkọ ẹyẹ mẹ́rìndínlógójì àti bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé mo ti ń ka nǹkan fún ọdún púpọ̀ láìwò wọ́n, àti pé ìwọ̀nba ìríran tó kù lójú ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé, wọ́n dúró láti mí.

“Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní ewúrẹ́ òkè kan wà lókè Torino yín lọ́hùn-ún, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ dé ẹ̀yìn.”

“Stambecco ni wọ́n ń pè é, Bùọ̀dá.”

“Ọjọ́ wo lo ní àyè?”