Iye Lékeléke Ọdún Yẹn

Òórùn ọ̀jọ̀jọ̀ ló jí mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti wà nídìí iná láti ìdájí, ó ń din ín nínú epo pupa, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa lórí ẹní. Òórùn mìíràn tún wà lábẹ́ ti epo yẹn, èyí tí ọmọ àárín ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde kò lè mọ̀: òórùn irà nígbà ọyẹ́, tí omi bá ń fà, tí ẹrẹ̀ ń sán, tí ewé òṣíbàtà ń jẹrà létí omi. Ìbẹ̀fun la wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Lọ́dọọdún, tí a bá ti ṣe Kérésìmesì tán, bàbá mi á gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di ilé ìyá rẹ̀. Tíṣà ni, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ kí ará wọn l'Ékòó nígbà ìsinmi; ẹyẹ ni tiwa ń lọ kí. Màmá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ká bá òun kí wọn, ká sì béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa.

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Àgbà ga díẹ̀, ilẹ̀ á wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú irà. Létí ibi gíga yẹn ni bàbá mi kan àga ọparun kan sí, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń rí gbogbo irà náà títí dé ìdí igbó. Lékeléke ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí òjò bá ti dá lókè Ọya, wọn á ṣí wá. Tí òjò bá tún ti bẹ̀rẹ̀, wọn á lọ. Àwọn kéékèèké kan náà wà, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, aláwọ̀ ilẹ̀, tí bàbá mi ní ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti sá fún òtútù wá. N kò gbà á gbọ́. N kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi ilẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ wá ṣe ní Ìbẹ̀fun.

Bàbá mi ní ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Láti ọdún tó ti di tíṣà ló ti ń kọ iye lékeléke sínú rẹ̀, ọdún kan, ìlà kan. Kò fo ọdún kankan rí. "Ohun téèyàn ò bá kọ sílẹ̀," ló máa ń wí, "àhesọ ni." Ó ní òwe tirẹ̀ fún ìjà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí ibùsùn pẹ̀lú: "Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra." Àwa ò mọ ohun tí ojú ọ̀run fi jọ ibùsùn ẹlẹ́ni kan.

Lọ́dún yẹn, ó ní kí èmi kà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì sí ohun tó jìnnà, awò olójú méjì tó ń gbé kọ́rùn kò sì ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àárọ̀ la ń kà wọ́n, bí wọ́n bá ń fò kúrò lórí igi tí wọ́n sùn sí. Ogún-ogún la ń kà á. Tí ogún kan bá pé, a ó mú ẹkùrọ́ kan láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì. Ó ní kí n kà á sókè kí òun lè mọ̀ bí mo bá ṣì í. Mo kà á sókè lóòótọ́, bí ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun.

Ẹkùrọ́ márùn-ún ti wà lápò òsì mi nígbà tí Ìyá Àgbà gbé ọ̀jọ̀jọ̀ dé.

"Ta ló ń ka ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìnkùlé mi?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹyẹ là ń kà."

"Ẹyẹ ò ní ìyá ni?"

Inú ni bàbá mi ti ń kà á láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ìyá rẹ̀ rò pé ó kàn ń wò wọ́n ni. Kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélé nígbà náà. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Bàbá mi sọ awò kalẹ̀. Ìyá Àgbà kò bínú. Ó gbé àwo sórí àga, ó jókòó tì mí, ó kọjú sí irà.

"Àwọn tó ń wá, tó ń lọ, a kì í kà wọ́n, ọmọ mi. Mo ka tèmi nígbà kan. Mo kà á dé mẹ́fà. Wọ́n lọ, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí Kúkọ̀yí dé, mi ò kà á."

Bàbá mi ni Kúkọ̀yí. Sámúẹ́lì ni gbogbo ayé ń pè é; mo rò pé Ìyá Àgbà kàn ń fi èyí kẹ́ ẹ ni. Orí àga ọparun yẹn ni mo ti kọ́kọ́ tú orúkọ náà: ikú kọ èyí. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Àgbà yíjú sí i. "Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ẹyẹ wọ̀nyí mọ́." Ó sì dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ìyá tó kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ta ló máa rí ìyẹn kó dúró? Bàbá mi fò dìde, ó gbá a mú lápá méjèèjì. "Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A ti fi sílẹ̀. A ò ní kà á mọ́."

Èmi ò fi sílẹ̀. Ẹyẹ ṣì ń fò, ẹkùrọ́ ṣì wà lápò, mo sì kà á nínú títí tí igi náà fi ṣófo.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, bàbá mi ṣí ìwé rẹ̀ lé orúnkún. Mo súnmọ́ ọn, mo ní, "Bàbá, mo mọ iye wọn." Ó mi orí. Ó kọ ọdún náà, ó sì kọ "Wọ́n dé" síwájú rẹ̀. Kò kọ nọ́ńbà. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn alùpùpù títí a fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ojo ni mo pè é nínú mi: tíṣà ńlá tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó. "Wọ́n dé" náà ló sì ń kọ lọ́dọọdún títí Ìyá Àgbà fi lọ.

Èmi náà di tíṣà, ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn. Nígbà tí bàbá mi lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ikọ́ ti so ó mọ́ ibùsùn, ó ní kí n bá òun mú ìwé náà wá. Ó ṣí i sí ọdún yẹn. "Mo rí bí ètè rẹ ṣe ń mì lọ́jọ́ náà," ó ní. "O kà á tán. Mélòó ni wọ́n?"

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ì bá ti kígbe rẹ̀ kó tó béèrè tán. Èmi tí mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ pé nọ́ńbà kì í pa èèyàn, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

"Bàbá, mo ti gbàgbé," ni mo wí.

Ó lo ọyẹ́ kan sí i. A ti sin ín báyìí, kò sẹ́ni tí mo tún ń bẹ̀rù fún. Ọgọ́jọ ó lé méje ni wọ́n.