Agbádá Ẹ̀gbẹ́ Kan

Òórùn àgbò àti òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń gba Ṣakí kan bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á so àgbò mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì láti ọjà títí dé gáréèjì, òjò á ti rọ ilẹ̀ pupa náà di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, àwọn télọ̀ á sì gbé áyọ́ọ̀nù wọn síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ̀yinná inú rẹ̀. Aṣọ tuntun tí wọ́n bu omi wọ́n, tí wọ́n wá fi irin gbígbóná tẹ̀, ó ní òórùn kan tí mi ò rí orúkọ fún. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òórùn ayé, òun náà ló sì máa ń mú inú bí mi. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ti bi mí rí pé kí ló dé tí ojú mi máa ń le bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Ohun tó fà á nìyí.

O ṣáà mọ̀ pé aṣọ ni àìsàn mi. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń wo fíìmù lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń wo àwọn tó ń faṣọ rìn lórí pèpéle, ti Èkó, ti Dákà, ti ìlú òyìnbó. Bí àkójọ aṣọ tuntun bá jáde láàárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ ni mo ti wò ó tán, mo sì ti rí ohun tí màá bú níbẹ̀. Èébú ló máa ń pọ̀ jù. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ihò ni wọ́n ń dá sára aṣọ, ihò níbàdí, ihò lẹ́yìn, bí ìgbà tí eku wọ inú àpótí. Wọ́n tún ń lẹ òkúta wínníwínní mọ́ léèsì títí aṣọ fi wúwo ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn obìnrin wa á sì lọ ra ayédèrú rẹ̀ lọ́jà, òkúta á máa já bọ́ sínú ọbẹ̀. Mo kórìíra wọn pátápátá, àfi ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀ tí á dá mi dúró bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú ọjà. Nítorí ẹyọ kan yẹn ni mo ṣe ń wo ìyókù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ọ̀nà ọjà nígbà náà ni. Èmi kọ́ ni mò ń fọwọ́ ara mi rán aṣọ o. Èmi ni mò ń rà á, tí mò ń ro sítáì rẹ̀, tí mò ń gé e. Télọ̀ kan ló ń bá mi rán an, tí mo sì ń gbé e kọ́ fún títà. Oṣù ń gorí oṣù, aṣọ wà lórí hángà, eruku ọ̀nà ń bà lé e. Màmá mi, tó ti ń ta gàárì Ìgànná láti ìgbà tí mi ò tíì láyé, wò mí títí, ó ní: "Bí Iléyá yìí bá kọjá tẹ́nikẹ́ni ò béèrè iṣẹ́ rẹ, o ó ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, o ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ jọ máa ta ìpápánu." Kò pariwo. Bí màmá mi bá ń pariwo, eré ló ń ṣe. Bó bá rọra sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ohun tó kù fún mi kò ju Yídì lọ. Àlejò lè rò pé ibi ìrun lásán ni Yídì, ṣùgbọ́n bí ìrun bá ti tán, tí àwọn obìnrin bá ká híjáàbù wọn sínú báàgì, pèpéle wo ní ìlú òyìnbó ló ní ojú tó tó bẹ́ẹ̀? Aṣọ tí Yídì bá gbà, gbogbo Ṣakí ti gbà á.

Ní ọ̀kánkán mi ni obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ rírán tó ń kó wá láti Èkó àti Kùtọnu. Ó jù mí lọ dáadáa. Bí kò bá sí nítòsí, Ìyá Ọ̀kánkán ni mo máa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní gíláàsì, ó sì ní ère oníke méjì tó ń wọṣọ fún níwájú. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ní ojú aṣọ. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Bí mo bá gbé nǹkan tuntun kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sórí àga rẹ̀, á wò ó láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, á wá kọjú sí ẹlòmíràn kí n lè gbọ́: "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mà gbóyà o, wọ́n ti ń fi kótìnì rán gáùn." Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, kòsítọ́mà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi á sì rọra yà sọ́hùn-ún.

Sítáì tí mo gbójú lé fún ọdún yẹn, ara aṣọ kan tí mo rí lórí fóònù ló ti ṣẹ́ wá. Ọmọbìnrin gíga kan ló wọ̀ ọ́, aṣọ náà bo èjìká kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ gbalaja. Ó dára débi pé mo dá a dúró, mo ń fi ìka fẹ̀ ẹ́ kí n lè rí ojú rírán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa wọ irú ìyẹn lọ Yídì tí àwọn àáfà ò ní lé e padà sílé? Mo rò ó títí. Lọ́jọ́ kan ni mo rí bàbá arúgbó kan lójú títì tó ń fa àgbò. Ó ti ká apá agbádá rẹ̀ kan sórí èjìká, èyí tó wà lọ́wọ́ tó fi di okùn mú kò ráyè ká, ó ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró sójú kan náà bí ẹni tó he owó. Gáùn gígùn dé ilẹ̀ ni màá ṣe, apá kan á jẹ́ apá bùbá obìnrin, apá kejì á jẹ́ apá agbádá gidi tó ṣeé ká sórí èjìká. Mo ra gínì aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ẹnubodè Ìjìó kó aṣọ wọlé. Mo wọkọ̀ lọ Ìsẹ́yìn, mo jókòó ti àwọn ahunṣọ títí wọ́n fi hun ẹtù tín-ín-rín fún mi, kí n fi gbá etí apá agbádá náà.

Télọ̀ mi, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ojú dígí, búra fún mi. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó máa rí i." Ọjọ́ tí mo lọ wọ̀ ọ́ wò, ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀? Ìyá Ọ̀kánkán ni, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá kí wọ́n bá a dín in kù. Ó yẹ kí n padà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó rò pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú dígí, mo ju apá agbádá sórí èjìká. Ó wò mí. Ó dìde, ó yí mi ká, ó fọwọ́ pa ẹtù náà. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kí ló dé? Ṣé ajá ló fa agbádá bàbá yín ya?" Télọ̀ mi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo bọ́ ọ sílẹ̀, mo gba ilé lọ, etí mi méjèèjì ń gbóná.

Lọ́jọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ gba aṣọ mi. Ó wà lórí hángà lóòótọ́, ó ti lọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sátíìnì aláwọ̀ òdòdó, apá bùbá kan, apá agbádá kan.

"Ti ta nìyí?" Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ti àwọn tó wà ní ọ̀kánkán yín ni, àwọn àti àbúrò wọn. Wọ́n ní dandan ni kí n rán an."

"Kí la jọ sọ, èmi pẹ̀lú yín?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣebí orí fóònù lẹ ti rí i?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, kò sì tíì yọ kúrò títí dòní. Mo ti bá a jà lọ́kàn mi lọ́pọ̀ ìgbà, bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá ń dúró de ọ̀kadà. Òótọ́ ni pé orí fóònù ni mo ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ló rí bàbá tó ń fa àgbò. Fóònù kọ́ ló jókòó ti ahunṣọ n'Ísẹ́yìn. Ẹni tó rí iṣu tó ta dáadáa lóko ẹlòmíràn, tó wá lọ kọ ebè tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè é lólè. Ẹni tó wa iṣu olóko ló lorúkọ yẹn. Mo mú aṣọ mi, mi ò dúpẹ́, mi ò kí i kú ọdún.

Mo ti pinnu pé mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Màmá mi ò gbà. "Aṣọ tí o fi ìyà ṣe, o fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹni tó jí i? Tètè múra." Nítorí náà la ṣe dá ọgbọ́n. Ilé Ìyá Ọ̀kánkán wà ní ọ̀nà ọjà. Bí a bá tètè jáde, a ó ti kọjá ilé rẹ̀ kó tó wẹ̀, Yídì á sì ti rí tèmi kó tó rí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. A dé kí àwọn ènìyàn tó pọ̀. Nígbà tí ìrun àti wáàsí parí, tí mo ká híjáàbù, tí mo ju apá agbádá sórí èjìká, mo rí i bí ojú ṣe ń yí sọ́dọ̀ mi. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bi mí níbi tí mo ti rán an. Òmíràn ní kí n jọ̀ọ́ yí padà kí òun wo ẹ̀yìn. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo ti ń ro gíláàsì tí màá fi síwájú ṣọ́ọ̀bù.

A wá fẹ́ máa lọ sílé. Mo kọjú sí ọ̀nà ọjà, màmá mi fà mí lọ́wọ́. "Ọ̀nà tá a gbà wá kọ́ la ó gbà padà. Súńnà Ànábì ni." Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Gbogbo ọgbọ́n tí mo dá, àlọ ni mo ro, mi ò ro àbọ̀. Gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà ọjà wá, ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ló máa gbà padà, ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà ò sì fẹ̀ ju kí ọ̀kadà méjì pàdé lọ. Òjò àná ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A há síbẹ̀, à ń tẹ̀ lé ara wa lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo sì bojú wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, sátíìnì òdòdó ló ń bá èjìká mi fara kínra.

Onífọ́tò kan ló kọ́kọ́ rí wa. "Ẹ̀yin ìbejì, ẹ dúró kí n yà yín!" Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àlájà kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, tí apá rẹ̀ kún fún wúrà, dúró bò wá mọ́lẹ̀. "Sítáì yìí mà dáa o. Ta ló ni ín nínú yín? Mo fẹ́ rán an fún àwọn ọmọ mi."

"Èmi ni, Àlájà," ni Ìyá Ọ̀kánkán wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọdún."

"Irọ́ ni!" Mo ṣì ní yanrìn Yídì níwájú orí, ariwo tó jáde lẹ́nu mi ò jọ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun. Màmá mi já mi léèékánná. Télọ̀ mi ń bọ̀ lẹ́yìn wa, mo ké sí i pé kó wá jẹ́rìí. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀. "Ọdún la wà o. Ẹ jọ̀ọ́ o." Kò sí ẹlẹ́rìí fún mi mọ́. Mo wá yíjú sí Àlájà. "Ẹ bi wọ́n lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n rí i lára mi. Ajá-fà-á-ya ni wọ́n pè é! Ẹni tó ni nǹkan lè pe nǹkan rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín bẹ́. Ojú Ìyá Ọ̀kánkán rẹ̀ dòdò, ó fa apá agbádá rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ara tèmi náà ni mo ti sọ orúkọ yẹn mọ́. Kí a tó yọ sí títì, àwọn ọ̀dọ́ iwájú ti ń ké e: "Ajá-fà-á-ya ń bọ̀ o!" Mo rìn délé láìgbójú sókè. Mo ti ń ro irú ìpápánu tí wọ́n ń tà n'Ìbàdàn.

Àṣé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹran ọdún tán nínú ìkòkò, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń pè: "Ẹ ṣe ajá-fà-á-ya kan fún mi." Wọ́n ti Ògbòoró wá, wọ́n ti Ìgànná wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ yà, gíláàsì ló fà wọ́n, àwọn tó kù dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì tó. Màmá mi ò dárúkọ Ìbàdàn sí mi mọ́. Mo wá télọ̀ mìíràn. Àlájà sìmẹ́ǹtì, ọ̀dọ̀ ọ̀tá mi ló ti rán tirẹ̀, n kò gbàgbé ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi, má retí kí n sọ fún ọ pé a parí ìjà. A ò parí ẹ̀. Bí a bá pàdé, "ẹ kú ọjà" náà máa ń gbẹ lẹ́nu wa. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ń gbàdúrà pé kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan yé mi lọ́dún tí obìnrin náà lọ sí Mẹ́kà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì pa. Ó yẹ kí inú mi dùn, àfi bí iṣẹ́ ò ṣe wù mí ṣe. Mo gbé aṣọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá ní ó dára, wọ́n lọ. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ pé ó dára. Kò sẹ́ni tó wo ìṣẹ́tí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ní gbogbo Ṣakí, ẹni kan ṣoṣo ló ń wo aṣọ bí mo ṣe ń wò ó, Ọlọ́run sì fi í sí ọ̀kánkán mi pẹ̀lú ẹnu burúkú yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbé sísọ́ọ̀sì sára aṣọ, ojú rẹ̀ ni mò ń rò.

Ní èṣí, mo gbé gáùn kan kọ́ síta lọ́sẹ̀ Iléyá, mo wọ inú lọ mu omi. Nígbà tí mo yọjú, Ìyá Ọ̀kánkán ti sọdá títì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Yídì. Ó rò pé mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó di ìṣẹ́tí gáùn náà mú, ó yí i sí òdì, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán inú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó sì tún padà tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò rí àbùkù kankan. Ó pòṣé, ó sọdá padà sórí àga rẹ̀. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.