Ṣílè Inú Kókó Kẹrin

Ìró ọgọ́rùn-ún ṣílè tí a dà sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dùn mọ́ mi létí nígbà náà ju orin ìsìn lọ, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olùkọ́ ni mí ní Àgbádárìgì, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí wa, àpọ́n tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ń fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi owó oṣù wọn ra kẹ̀kẹ́, wọ́n ń fi í fẹ́ ìyàwó. Èmi ń fi tèmi ra owó. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo tíṣà tó ń fi owó ra owó." Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni wọ́n pa.

Òyìnbó kan tó máa ń wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò ló kó o ràn mí. Ó ní àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀, ó sì to owó irin sínú rẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹni to ọmọ ilé ìwé sórí ìlà. Ó fi ojú tí orí ọba wà hàn mí, ó fi ojú kejì tí igi ọ̀pẹ wà hàn mí, ó ní kí n máa wo ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí n sì máa wo lẹ́tà kékeré tó máa ń wà nítòsí rẹ̀ nígbà mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gba ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ ẹlẹ́ja láìyí i wò síwá sẹ́yìn. Fàdákà ni ṣílè tó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é, ti fàdákà sì ń dín kù lọ́jọ́ọjọ́. Àwọn ti fàdákà yìí ni mo ń wá. Mo kó wọn jọ títí ó fi ku ọdún kan ṣoṣo tí n kò ní.

Èkó ni báǹkì tó ń ta owó lápò wà. Bí wọ́n bá ti san owó oṣù, màá lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó yọ̀ǹda ọjọ́ méjì fún mi, pé àbúrò ìyá mi tó ń gbé Èkó kò gbádùn. Ara obìnrin náà le bí òkúta. Màá wọ ọkọ̀ ojú omi ní ebúté, màá sùn sílé rẹ̀, màá sì lọ tò sí iwájú fèrèsé báǹkì láàárọ̀. Pọ́n-ùn márùn-ún ni mo máa ń san, wọ́n á fún mi ní ọgọ́rùn-ún ṣílè nínú àpò. Màá gbé e dé ilé àbúrò ìyá mi, màá yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹyọ ẹyọ, màá mú èyí tó bá wù mí, màá fi òmíràn dípò rẹ̀, lọ́jọ́ kejì màá dá àpò padà kí n lè gba owó bébà mi. Lójú tèmi, n kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Akọ̀wé tó wà ní fèrèsé kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, ó máa ń fi gègé há etí, bó bá sì ti rí mi lókèèrè ni yóò ti máa mí kanlẹ̀.

"Ẹ ní àkáǹtì níbí?"

"N kò ní, sà."

"Ọjà wo lẹ ń ná tí ẹ fi ń gba ṣílè lápò?"

"N kò nájà. Mo kàn fẹ́ wo ojú wọn ni."

Ó yíjú sí akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì wò mí tìyanu tìyanu. Bó bá gbọ́ pé Àgbádárìgì ni mo ti wá, ọ̀rọ̀ á tún burú sí i, yóò ní, "Hẹn-ẹn! Ṣé kì í ṣe Àjàṣẹ́ lẹ ń kó wọn gbà?" Nítorí Àjàṣẹ́ wà lábẹ́ àwọn Faransé, kò sì jìnnà sí wa, ó rò pé fàyàwọ́ ni mò ń ṣe. Nígbà mìíràn yóò ní ṣílè ti tán, tọ́rọ́ ló kù. Nígbà mìíràn yóò fún mi ní àpò tí wọn kò tú rí, ọgọ́rùn-ún ṣílè idẹ, ọdún kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán yinrin. Mo ti fi owó ọkọ̀ lọ, mo ti fi bọ̀, n kò rí nǹkan kan. Bí mo bá sì dá a padà lọ́jọ́ kejì, yóò kà á ní ẹyọ ẹyọ, yóò tún un kà, àwọn tó wà lẹ́yìn mi á máa pòṣé sí mi lẹ́yìn ọrùn.

Ìyá mi ń gbé nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ létí ọ̀sà. Ọmọ Ègùn ni, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, èéfín sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń mọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Bàbá mi, tó ti kú, ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí, wà nílé ọkọ, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín wa ti kú. Méjì kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀kẹrin nìkan ló dàgbà díẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń pọ̀n mí kiri kí ibà tó mú un lọ. Èmi kò rántí ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá mi rán mi sínú àpótí rẹ̀ kí n bá òun mú ìborùn. Lábẹ́ aṣọ ni mo ti rí ọ̀já aró kan tí wọ́n ta ní kókó márùn-ún. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé owó ni. Mo tú u. Ṣílè fàdákà márùn-ún! Nínú kókó kẹrin ni ọdún tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wà, àti lẹ́tà kékeré rẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti ha etí àwọn owó náà, mo sì rò pé àwọn tó máa ń fi ọ̀bẹ dán owó wò bóyá fàdákà ni tàbí ayédèrú ló ṣe é. Èmi olùkọ́ ìṣirò, n kò ka iye ibi tí wọ́n ha. Mo mú ṣílè tuntun kan tó ń dán nínú àpò mi, mo fi sínú kókó kẹrin, mo ta á padà. Mo tiẹ̀ rò pé oore ni mo ṣe fún un, pé mo gba èyí tó ti bàjẹ́, mo fún un ní èyí tó pé. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ní ìparí oṣù yẹn, nílé àbúrò ìyá mi l'Ékòó, mo tú àpò tí mo gbà ní báǹkì, mo sì rí ti ọdún kan náà nínú rẹ̀, kò ní ojú ọ̀bẹ kankan, ó mọ́ nini. Mo fò sókè. Kí ni mo tún fẹ́ fi èyí tí wọ́n ti ha ṣe? Mo sọ ọ́ sínú àpò kí iye rẹ̀ lè pé ọgọ́rùn-ún, mo dá àpò padà fún akọ̀wé láàárọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Mo gbé ṣílè mi tó mọ́ délé, mo to àwọn owó mi lọ́dọọdún, ó pé, mo sì sun oorun ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ kí ìyá mi. Ó jókòó sórí ẹní, ọ̀já náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ta ló tú kókó kẹrin?" Kò gbóhùn sókè.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, èmi ni. Mo fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀ fún yín ni. Ṣílè kì í ṣe ṣílè ni?"

Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó gbé ṣílè inú kókó karùn-ún lé e, ó ní kí n fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí po. Ojú ibi tí wọ́n ti fi fáìlì irin ha á, márùn-ún ni. Ó ní, "Tìẹ nìyẹn. Nínú àwo omi ìsọmọlórúkọ yín ni bàbá rẹ ti ń mú wọn. Ọmọ àkọ́kọ́, á fi fáìlì ha á lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n kì í fi ibi tí wọ́n sin ọmọ sí han ìyá rẹ̀, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń pọ̀n ọ́ wà. Ibi tí mo mọ̀ fún un náà ni kókó yìí." Ó gba ṣílè náà padà lọ́wọ́ mi. "Níbo ló wà?"

Mo sọ fún un pé ó wà ní báǹkì.

"Ovi ṣie," ó wí, bó ṣe máa ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ bí nǹkan bá dùn ún dé egungun. "Wọ́n ní ọmọ mí kú sàn ju ọmọ mí nù. Èyí kú, mo gbà fún Ọlọ́run. Ìwọ wá jẹ́ kó nù."

Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó láìgba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra àpò, tí mo ń dá a padà, tí mo tún ń rà á. N kò wo ọdún mọ́, n kò wo lẹ́tà, etí owó nìkan ni mo ń fi èékánná tọ̀. Idẹ, idẹ, idẹ. Akọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀ lórí ìlà títí wọn ó fi ti fèrèsé. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bínú sí i, mo ń padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù kẹta, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì mú mi wọ yàrá kan. Wọ́n tú àpò mi, wọ́n rí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni wọ́n bá ní ọwọ́ tẹ ẹni tó ń rọ owó ayédèrú. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí títí oòrùn fi kọjá àtàrí, mo ń ronú pé bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, kí ni ìyá mi yóò tún gbọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n rojọ́, mo sọ òtítọ́. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó yọ gègé létí.

"Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin náà ò bi mí, sà."

"Ẹ má wá a mọ́. Ti fàdákà tó bá wọlé síbí, a kì í tún jẹ́ kó jáde. Ṣe la ń ṣà wọ́n sínú àpótí, ọkọ̀ òkun á gbé wọn lọ sílùú òyìnbó, wọ́n á yọ́ wọn lọ́hùn-ún."

"Èyí tí mo rí nínú àpò ńkọ́?"

"Ojú wa ló fò ó." Ó sì kí mi pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà, mo sunkún, n kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò mí. Ọkàn mi ló gbà mí ní ìmọ̀ràn tí n kò jẹ́ gbà lẹ́nu ọmọ ilé ìwé mi. Fáìlì bàbá mi, èyí tó fi ń pọ́n ayùn, ṣì wà nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mú ṣílè mi tó mọ́ nini, tí ọdún rẹ̀ pé, mo ha á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fi iyanrìn ra á kó lè dà bí ògbólógbòó, mo gbé e tọ ìyá mi lọ, mo ní, "Màámi, mo rí i."

Ó fi èékánná tọ̀ ọ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó tún un tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ní, "O kú ìrìn." Ó ní kí n lọ jẹun. Mo jẹun ọjọ́ náà, mo yó, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Owó tí mo kó jọ kò wù mí wò mọ́. Mo ná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ra ẹja àti epo, mo sì padà di olùkọ́ bí àwọn yòókù. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí ìyá mi tó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí rẹ̀ fún mi, ó ní kí n mú ohun tí mo bá fẹ́. Mo mú ọ̀já aró. Mo tú kókó kìíní, ṣílè kan. Èkejì, kan. Ẹ̀kẹta, kan. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ta á le dáadáa, ó pẹ́ kí n tó tú u, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nínú kókó karùn-ún, ti èmi, ṣílè méjì ló wà: èyí tí bàbá mi ha, àti èyí tí èmi ha.

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé e lé e lọ́wọ́. Obìnrin tó ti ń fọwọ́ tọ ojú fáìlì ọkọ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kí ló lè mú kó má mọ̀ ọ́n? Kò bá mi wí, kò sọ ọ́ nù, kò sì jẹ́ kó gba ipò ọmọ rẹ̀. Ó fi ohun tó jẹ́ tèmi sọ́dọ̀ mi.

Mo ti darúgbó ju ìyá mi lọ báyìí. Wọn kì í ná ṣílè mọ́, àwọn ọmọ ọmọ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan àtijọ́, n kì í wo orí ọba, n kì í wo ọdún. Etí rẹ̀ ni mo máa ń tọ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti yọ́ èyí tí mo ń wá. Ọ̀já náà wà lọ́dọ̀ mi. Ìgbà kan wà tí ó ń ṣe mí bíi kí n mú ṣílè tí mo ha kúrò nínú kókó tèmi, kí n fi sí ẹ̀kẹrin, kí wọ́n lè pé márùn-ún. N kò ṣe é. Mo ta ẹ̀kẹrin padà lófìfo, bí ó ṣe ta á.