Ọdún Tí Mo Kọ fún Ọ̀gá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe, màá kàn máa wò ó lójú ni. Kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ? Èmi ni mo sọ fún un. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò búlúù, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára tí gbogbo ọ́fíìsì máa ń yìn.

Kábà ni mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ sí. Ọ̀gá mi ni olórí yàrá náà. Ọmọ Ògìdì ni, èmi ọmọ Iyara, kò sì pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. "Ọmọ Iyara" ló ń pè mí. Bí wọ́n bá ní kó mú fáìlì ẹnì kan wá, kò ní wo ìwé kankan. Á na ọwọ́ sókè, á sì fà á yọ. Ó mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Ìsánlú tí kò fẹ́ lọ, ó mọ ẹni tí ìgbéga tọ́ sí tí wọn kò fún un. Bí mo bá sọ fáìlì sórí tábìlì gbàà, á gbójú sókè. "Ènìyàn ló wà nínú páálí yẹn o, ọmọ Iyara. Rọra."

Nígbà tí wọ́n yà wá kúrò lára Kwara, tí wọ́n ní Lọ́kọ́ja ni olú-ìlú wa, gbogbo Kábà ń jó. Èmi náà jó, mi ò ní parọ́. Àṣé a kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ìwé tí wọ́n fi gbà wá síṣẹ́, tí ọjọ́ ìbí wà nínú rẹ̀, Ìlọrin ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìwé ìsinmi àti ìwé dókítà nìkan ló kù lọ́dọ̀ wa ní Kábà.

Kò pẹ́ ni Lọ́kọ́ja ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò wọ inú rẹ̀, kí ìjọba tuntun lè mọ iye ènìyàn tó ní, kó sì mọ ẹni tó ti dàgbà jù fún iṣẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan gbé fọ́ọ̀mù wá fún wa. Wọ́n ní kí a má fi àyè kankan sílẹ̀ lófo, ẹ̀rọ náà kì í gba òfo. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ láìpẹ́.

Ọ̀gá mi ní òun kò ní kọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni láti inú afẹ́fẹ́. Ó gba àyè, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin láti lọ wá fáìlì wa. Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún mi. "Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tirẹ̀, fi í sílẹ̀ títí màá fi dé." Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ó kù díẹ̀ kó dé nígbà tí àwọn ọmọ Lọ́kọ́ja padà dé. Wọ́n dúró lé mi lórí, wọ́n ń wo aago. Fọ́ọ̀mù tí ọjọ́ ìbí kò sí nínú rẹ̀ pọ̀ níwájú mi, ti ọ̀gá mi sì wà nínú wọn, nítorí òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ sọ tirẹ̀ láìrí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, kí ẹ tó bú mi. Àwọn àgbà wa kì í ka ọdún bí ìwé ṣe ń kà á. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kà: àwọn tí ẹ jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ yín nìyẹn títí ikú. Akọ̀wé kan ti gbìyànjú rí láti kọ ọdún méjì sáàárín ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́. Èyí tó sọ di àbúrò kò dá a lóhùn mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, ọdún kan náà la máa ń kọ fún gbogbo ẹgbẹ́, kí ilé lè tòrò. Ẹgbẹ́ ọ̀gá mi méjì sì wà nínú ọ́fíìsì wa, awakọ̀ kan àti mègádì tó ń ṣọ́ géètì. Àwọn méjèèjì ti sọ ọdún tiwọn. Mo wo ti awakọ̀, mo wo ti mègádì, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún kan náà. Ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi wọ̀ ọ́.

Ó ti Ìlọrin dé pẹ̀lú àpò fáìlì méjì tí eruku bò. Ó ti rí ti gbogbo wa. Tirẹ̀ nìkan ni kò rí.

"Ṣé o fi tèmi sílẹ̀?"

"Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ, sà. Mo ti kọ ọ́."

"Kí lo kọ?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpò fáìlì. "Ọdún ẹ̀gbọ́n mi lo kọ yẹn," ló wí.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ìtàn náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yẹ kó wọ ẹgbẹ́ yẹn. Ìyá wọn ti hun aṣọ, wọ́n ti kó iṣu jọ, ni ẹ̀gbọ́n náà bá kú. Wọ́n bá fi àbúrò rọ́pò, ọmọdé tí aṣọ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bá àwọn tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ ṣe ẹgbẹ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tèmi kò tiẹ̀ rìn jìnnà kó tó bá ará ilé.

Ó kọ lẹ́tà sí Lọ́kọ́ja pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó kọ òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé gígùn kan dé láti inú kọ̀ǹpútà wọn, ìwé oníhò létí méjèèjì tí a kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún ni, kí wọ́n máa lọ ilé. Awakọ̀ wà níbẹ̀, mègádì wà níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oko ti ń dúró de àwọn. Orúkọ ọ̀gá mi ló tẹ̀ lé tiwọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nílé ìwé, kò sì ní oko kankan tó ń dúró dè é. Yàrá fáìlì yẹn ni oko rẹ̀.

A jọ lọ sí Lọ́kọ́ja. Èmi ni mo ní kí n tẹ̀ lé e, pé màá jẹ́rìí. Wọ́n ní kí a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí eruku má baà ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ọ̀gá mi dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí àtàǹpàkò yọ lẹ́nu rẹ̀, níwájú ọmọkùnrin kan tó lè bí. Ó na ìwé tó fi búra ní kóòtù sí i. Ọmọ náà kò tiẹ̀ gbà á.

"Bàbá, gbogbo ayé ló ń lọ búra báyìí. Èyí tó kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ la mọ̀. Àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló dá a kọ láìbéèrè, ẹni yẹn á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló kọ ọ́?"

Ibi tí mo ní mò ń bọ̀ láti jẹ́rìí nìyí o. Ọmọ ọwọ́ ń bẹ lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní Mopa, owó oṣù tíṣà kì í wọlé, ẹnu iṣẹ́ tèmi yìí ni a ti ń jẹun. Mo gbójú sílẹ̀, mo ń wo ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá mi ló dáhùn. "Èmi ni mo pe ọdún náà fún ọmọbìnrin yìí, tó fi kọ ọ́."

Ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó parí lóòótọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Ọbájánà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra àgbàdo sísun méjì, ó fún mi ní ọ̀kan. Mi ò lè jẹ ẹ́. "Jẹun, ọmọ Iyara," ló wí. "Ọmọ ń mu ọmú lára rẹ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ì bá bú mi. Ì bá gbá mi létí pàápàá, ì bá sàn fún mi.

Ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn. Mi ò lọ kí i nílé títí ó fi kú, ojú ń tì mí, mo sì ń pe ìtìjú náà ní àìráyè. Ó ku ọdún kan gééré kó pé ọgọ́ta ọdún tirẹ̀ gan-an nígbà tó kú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e, àwọn arúgbó.

Ìgbà tí ìgbéga kàn mí ni wọ́n ní kí n mú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ jáde. Mo wá fáìlì ara mi láàárín àwọn tí ọ̀gá mi kó ti Ìlọrin wá. Mi ò ṣí i rí. Ìwé pélébé kan wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù mi, ọwọ́ ọ̀gá mi ló wà lára rẹ̀, láti ọdún tí mo wọṣẹ́, nígbà tí a kò tíì mọ ara wa rárá. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọbìnrin yìí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Iyara, ìyá rẹ̀ ti lọ oko. Mo tún padà lọ ní Sátidé. Ìyá mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a rí i nínú ìwé ìrìbọmi. Ọjọ́ tó péye nìyí."

Ọjọ́ tó kọ yẹn ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, òun ni mo ti ń sọ kiri láìmọ ibi tó ti wá, òun ni wọ́n sì fi gbé mi wọ inú kọ̀ǹpútà. Òun náà ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi di ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì yọ ọjọ́ kan kúrò nínú rẹ̀.