Ẹgbẹ́ Olórin tó Bá Mummy Bẹ Màmá Ìjẹ̀bú

Òórùn ẹja gbígbẹ tí Mummy ń rẹ sómi gbígbóná ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ariwo ló jí mi. Ó ń wọlé láti ara ògiri: fèrè onírin kan ń sáré, báńjò ń lé e, ọkùnrin kan sì ń kígbe bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Uncle Declan, ará Ireland tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí òun àti Daddy jọ ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Nathan Way, ló ni orin náà. Ó ní ẹgbẹ́ ọ̀hún mú orin àwọn baba ńlá àwọn, wọ́n sì pò ó mọ́ pọ́ńkì, orin aláriwo àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó. Ká má purọ́, olórin wọn ò lóhùn rárá. Ohùn rẹ̀ ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Orin wọn á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bíi pé wọ́n fẹ́ sunkún, kó o tó ṣẹ́jú, ìlù ti dé, gbogbo ara ti gbóná. Tí èmi àti Mummy bá ń ru iṣu bọ̀ ní Powis Street, orin wọn ni mò ń kọ sínú. Mummy á ní kí n rìn bí ọmọ ènìyàn.

Uncle Declan yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì orin náà di ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ dà á kọ, mi ò sì ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa sílé láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí Daddy fi kí ìyá rẹ̀, Màmá Ìjẹ̀bú. Mo rò pé ojú kejì ṣófo. Mo da orin sí i, mo ní n ó wá nǹkan ṣe sí i kó tó di pé ẹnì kan ń lọ sílé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo dé láti ilé ìwé, kásẹ́ẹ̀tì ti lọ. Auntie kan ní mọ́ṣáláṣí Woolwich ti gbé e lọ sí Nàìjíríà.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni mo tó gbọ́ pé Mummy ti sọ̀rọ̀ sójú kejì yẹn. Ó fi ń bẹ Màmá ni. Mummy ò lè lọ síbi fídáù Bàbá àgbà, ọkọ Màmá, nítorí ìdánwò nọ́ọ̀sì rẹ̀, látìgbà náà Màmá kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ tó bá ń kí wa. Daddy ti sọ lójú kìíní pé, "Màmá, ìyàwó yín fẹ́ bẹ̀ yín lójú kejì." Orin ni mo ti fi pa ẹ̀bẹ̀ Mummy rẹ́. Mi ò jẹ́wọ́.

Oṣù kan gbáko ni ẹ̀rù fi bà mí. Kásẹ́ẹ̀tì èsì Màmá dé, gbogbo wa yí rẹ́díò ká. Màmá kí Daddy, ó kí àwa ọmọ, ó wá kan Mummy.

"Ìyàwó mi," ohùn rẹ̀ rọ̀, "mo gbọ́ àwọn òyìnbó tí o kó jọ kí wọ́n bá ọ bẹ̀ mí. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ké. Ẹni tó ké tó báyẹn lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, ó ti tó. Mo ti gbà. Sọ fún un kó lá oyin díẹ̀."

"Òyìnbó wo?" Mummy bi Daddy. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

Mo jẹ́wọ́, mo dijú, mò ń retí ìfọ́tí. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Mummy rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n tún ibi tí Màmá ti ní "ìyàwó mi" gbé sí i. Lọ́jọ́ kejì ó fi àkàrà ránṣẹ́ sí Uncle Declan, tí kò mọ oore tó ṣe.

Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mo sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin wọn lórí. Ìjẹ́wọ́ ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ọmọbìnrin mi wí lórí ohun tí kò ṣe. Nígbà tí mo mọ òótọ́, mo dúró sí pálọ̀. Mo bá tan orin náà, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Ọmọ mi, tó ti gbọ́ ìtàn yìí láìmọye ìgbà, yọjú láti yàrá.

"Mum, ṣé o fẹ́ bẹ̀ mí ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n dín ariwo náà kù, kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́.