Tíì Pupa fún Ìyá Ìyàwó

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Atakpamé láàárọ̀, tí ẹ sì béèrè ẹni tó ń po tíì, Florent ni wọn yóò júwe fún yín. Oko òwú ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kó tó ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀yìn tó ń dun òun ju ohun tí òwú ń mú wálé lọ. Ó ra kẹ́tù, ó kan tábìlì àti bẹ́ǹṣì, ó di oníkafetéríà: tíì gbígbóná, búrẹ́dì, ẹyin díndín. Ó máa ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn lókè réré títí yóò fi hó, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Tíì ló fi kọ́ yàrá méjì, òun ló fi fẹ́ Brigitte, òun ló fi rán Espoir ọmọ wọn nílé ìwé. Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ fún un pé tíì kì í ṣe oògùn.

Nítorí náà, nígbà tí ibà dá Ìyá Fọlákẹ́, ìyá Brigitte, dùbúlẹ̀ ní abúlé wọn lẹ́bàá Moretan, tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Atakpamé kó lè sinmi, Florent ní òun fúnra òun ni yóò máa po tíì rẹ̀. Ife ńlá láàárọ̀, ife ńlá nírọ̀lẹ́. Mílíìkì inú agolo ló kọ́kọ́ ń lọ sísàlẹ̀ ife, tíì náà yóò ki, yóò funfun. Màmá ń mu ún tán, ara sì ń bọ̀ sípò.

Philippe ló da ọ̀rọ̀ rú. Ọlọ́kadà ni, orí bẹ́ǹṣì Florent ló ti máa ń dúró de èrò, fóònù kì í kúrò lójú rẹ̀.

“Bàbá Tíì, o ń tàn wá jẹ o! Wọ́n kọ ọ́ síbí. Ohun tó wà nínú tíì tó dára fún ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, mílíìkì ń dì mọ́ ọn, kì í ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Ìwọ tó o máa ń ní kí n rọ mílíìkì sí i títí ṣíbí á fi dúró?”

“Èmi ò ṣàìsàn. Adùn ni mò ń bá kiri.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Florent lára. Lójú ẹni tó ń ta tíì, tíì ni ọjà, ọ̀ṣọ́ lásán ni mílíìkì. Bí ọ̀ṣọ́ bá wá ń ba ọjà jẹ́, kí la tún ń dúró dè? Yíyọ rẹ̀ kò sì náni ní nǹkan kan. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tíì pupa ló ń gbé fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

“Oògùn gidi nìyí, Ìyá.”

Màmá wo inú ife náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. “Ẹ ṣeun, àna mi.”

Kí ni ì bá tún wí? Obìnrin tó bá wà nílé ọkọ ọmọ rẹ̀ kì í béèrè oúnjẹ, kì í sì í sọ pé èyí tí wọ́n gbé wá kò wu òun. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, egungun èjìká Màmá ti yọ síta. Brigitte kò tijú ọkọ rẹ̀ mọ́.

“Bàbá Espoir, kí lẹ ń fún ìyá mi mu?”

“Tíì náà ni.”

“Ara rẹ̀ ti ń yá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. Bó bá bá a báyìí, kí lẹ fẹ́ kí n wí?”

“Ibà yẹn ló fẹ́ padà. N ó jẹ́ kí tíì náà le sí i.”

Ó le sí i lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Màmá dìde láti lọ sẹ́yìn ilé, kò débẹ̀. Orí ilẹ̀ ni Brigitte ti bá a, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń yí. Wọ́n gbé e padà sórí ẹní. Philippe fi ọ̀kadà sáré lọ gbé Pascaline wá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò. Pascaline fọwọ́ fa awọ apá Màmá, ó la ẹnu rẹ̀, ó tan iná sí i.

“Ta ló ń ṣètò oúnjẹ rẹ̀?”

“Èmi ni,” ni Brigitte dáhùn. “Mo máa ń gbé e sílẹ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Abọ́ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní tí mo bá dé.”

“Pẹ̀lú ẹnu yìí? Gbogbo rẹ̀ ni egbò. Ata kò lè kàn án, iṣu kò lè gbabẹ̀ kọjá.”

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé tààrà, ó lọ ń gbóòórùn abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Màmá, bí ẹni tó ti ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó lé e. Màmá pa ojú dé.

“Kí ló wá ń wọ inú rẹ̀?” ni Pascaline bi wọ́n.

“Tíì,” ni Florent wí. “Tíì pupa. Wọ́n ní mílíìkì ń pa oore rẹ̀, mo bá… mo bá yọ ọ́.”

“Mùsíọ̀ Florent, àwọn kan wádìí ẹ̀, wọ́n ní ó ń dín in kù. Àwọn mìíràn wádìí ẹ̀, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó yó máa jiyàn ìyẹn. Mílíìkì yẹn nìkan ni oúnjẹ tí ìyá yìí ń jẹ!”

Lẹ́nu ọ̀nà, Philippe rọra ki fóònù rẹ̀ bọ àpò.

Pascaline ní, “Ẹ po ó wá pẹ̀lú mílíìkì, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí kò bá lè gbé e mì, ilé ìwòsàn ńlá yá, n kò sì ní í ṣèlérí kankan fún yín.”

Florent lu agolo. Mílíìkì dà sí i lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ wolẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ife sẹ́nu ìyá ìyàwó rẹ̀. Ètè kò là.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó là díẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ṣàn gba àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀. Brigitte bú sẹ́kún. Florent tún gbé e sí i, ojú gbogbo wọn wà lára ọ̀fun Màmá. Ọ̀fun náà dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí, ó tún yí. Ó ń mu ún, díẹ̀díẹ̀, ó mu ún dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Florent fẹ́ gba ife, Màmá kò fi sílẹ̀. Ó wo àna rẹ̀ lójú kòró, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà.

“Àna mi, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ bá mi po òmíràn. Kí mílíìkì rẹ̀ pọ̀ ju eléyìí lọ.”

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Florent ti dé ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ náà ló sì ní láti yà fún un.