Ilẹ̀ Gáréèjì Bàbá Kẹ́mi

Bí Adéṣẹ́gun bá fẹ́ ra ìgbálẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò ti mọ̀ kó tó sanwó. Á gbọ̀n ọ́n, á tẹ̀ ẹ́, á fa okùn rẹ̀ wò bóyá ó le, á sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé ọ̀pẹ ibo ni wọ́n ti ṣá a. Wùmí ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ó yẹ òun náà wò títí kó tó dẹnu kọ òun, bí kì í bá sì ṣe pé òun ti rí i lójú rẹ̀ pé ó ń bọ̀, òun ì bá ti bá ẹlòmíràn lọ. Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ṣé ohun tí òun yẹ̀ wò ọ̀hún ti bàjẹ́ láti ìgbà náà?

Iṣẹ́ tó ṣe ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá ló ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde. Ó ti rí àpótí tí wọ́n kùn lọ́dà tó ń dán gbinrin, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé e sókè, ìdí rẹ̀ á já. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó kó wá sínú ilé tó kọ́ sí Ìkòsí, ojú kan náà ló gbé wá.

Ilé náà ti parí tán, àfi ilẹ̀ gáréèjì. Yanrìn lásán ni. Orí pákó méjì ni mọ́tò Píjò rẹ̀ ń dúró sí, bí òjò bá sì rọ̀, omi á sun gòkè láti ìsàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ apá ibẹ̀ kò jìnnà sí omi. Wùmí ti ráhùn títí ó fi sú u. Ní ọdún 2006, Adéṣẹ́gun gbà pé ó tó àkókò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò tẹ́ síbẹ̀, tí yóò tọ́jọ́, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò sì ká.

Wíwá ọ̀hún kò yá rárá. Ó kọ́kọ́ lọ sí Mende, nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó tẹ́ táìlì sí gáréèjì tirẹ̀. Èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Adéṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ àwọn tó ń dún bí igbá òfìfo, ó sì rí àwọn tó ti là níbi tí wọ́n ti fi jáàkì gbé mọ́tò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí ọ́ìlì bá kán sí i, yíyọ̀ ló kù, òun náà sì ti ṣubú níbẹ̀ rí. Adéṣẹ́gun bá fi táìlì sílẹ̀. Ó lọ wo íńtálọ́ọ̀kì ní Ìṣẹrì Olówóorà, ó sì fẹ́ràn bí àwọn òkúta náà ṣe wọnú ara wọn, àmọ́ ó mọ̀ pé omi Ìkòsí yóò máa gba àárín wọn sun jáde, koríko yóò sì tẹ̀ lé e. Tẹ́ràsò, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ inú sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń lọ̀ kó dán, gan-an ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, torí ó ti rí èyí tó pẹ́ láyé ju ẹni tó ṣe é lọ. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ ti wọ́n, owó wọn sì ju agbára rẹ̀ lọ.

Kọnkéré ló kù. Gafar, bíríkìlà ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń gbé Kétu tipẹ́, náà fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ fi ọ̀dà pupa kùn ún lójú kó lè fani mọ́ra. Adéṣẹ́gun ní òun kò fẹ́ ìkunra. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ kí omi má bàa sun gòkè, kí wọ́n fi wáyà sáàárín, kó sì nípọn. Wọ́n fẹnu kò. Síbẹ̀, Adéṣẹ́gun kò dá ọjọ́.

Ká sọ tòótọ́, ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń rò. Kẹ́misọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti mú ọkùnrin wálé. Jeffrey lorúkọ rẹ̀, ọmọ Sápẹ́lẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Kétu. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó na ọwọ́ sí Adéṣẹ́gun, ó ní "Good afternoon, sir," ó sì rẹ́rìn-ín. Adéṣẹ́gun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó lọ tán, ó ní ẹni tí kò lè tẹ ẹ̀yìn bọlẹ̀ fún òun, báwo ni yóò ṣe rọ̀ fún ọmọ òun lọ́jọ́ ìjà? Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ rẹ̀. "Ọmọkùnrin yẹn" ló ń pè é.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ó ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Oyin, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún dé òpópónà nígbà tó wà lọ́mọge. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn-ún rófọ́, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Adéṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ló bá bàbá wọn sọ ọ́ tó fi gbà. Ọmọ tí Oyin bí kò tíì rá tí ọkùnrin náà fi bá tirẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu Oyin mọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ohun tó ń ba Adéṣẹ́gun lẹ́rù ni kó má tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ tirẹ̀ lé ẹni tí yóò já a sílẹ̀.

Kẹ́mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ibi iṣẹ́ Jeffrey fẹ́ gbé e lọ sí Pọ́táàkọ̀tì, Jeffrey sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbéyàwó tàbí kí òun gbàgbé. Adéṣẹ́gun ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe ilẹ̀ gáréèjì tán ná. Ọjọ́ tó bá parí, kí ọmọkùnrin yẹn wá.

"Daddy Kẹ́mi," ni Wùmí wí lálẹ́ ọjọ́ náà, "ẹ̀yìn ilẹ̀ gáréèjì lẹ sá pamọ́ sí."

Adéṣẹ́gun mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Gafar bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ yanrìn ti Àgbóyì dé, wọ́n po kọnkéré, wọ́n dà á. Gafar dán ojú rẹ̀ títí ó fi jọlọ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Nígbà tó ṣe tán, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, òun náà sì ṣe àlùwàlá ní ẹnu ẹ̀rọ, ó lọ kírun àsárì ní mọ́ṣáláṣí ìkángun àdúgbò. Wùmí pe Kẹ́mi ní ọ́fíìsì pé ilẹ̀ ti parí, ó sì jáde lọ ra oúnjẹ. Inú Kẹ́mi dùn, ó pe Jeffrey pé ilẹ̀ ti parí. Kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti sọ fún un pé kọnkéré tó parí kò tíì gbẹ. Ohun tí Kẹ́mi sì ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kò gbọdọ̀ bọwọ́ mọ́, kò gbọdọ̀ tẹrí ba lásán, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde àfi bí Daddy bá dá a lóhùn pé "dìde."

Adéṣẹ́gun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó já láti ilé ìdáná sí gáréèjì, ó ń wo ilẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Géètì ṣí sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ yanrìn. Jeffrey gba ibẹ̀ wọlé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì, láti inú oòrùn bọ́ sínú òjìji, ó sì rí àgbà níwájú. Kí Adéṣẹ́gun tó gbé ọwọ́ sókè, ọmọkùnrin náà ti na gbalaja.

"Ẹ káàsán, sà."

Ojú Adéṣẹ́gun kò kúrò lára ilẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. Inú bí i gidigidi. Ilẹ̀ tó rin gbogbo ìlú nítorí rẹ̀! Jeffrey ń dúró de èsì. Sìmẹ́ńtì tutù wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rì dé ọrùn ọwọ́. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ tí kò rí mọ́, ó wo ojú àgbà, ó sì hàn gbangba pé ó ti mọ ohun tí òun ṣe. Ẹnikẹ́ni ì bá fò dìde. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì dá a lóhùn. Ó rọra dá orí padà, ó fi àgbọ̀n lélẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìbínú Adéṣẹ́gun ti kú. Ó rántí ọkọ Oyin, bó ṣe mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe tó, bó ṣe jẹ́ pé kí àgbà tó ṣàdúrà dé ìdajì, ó ti dìde, ó ti ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò gbọn nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í.

"Jeffrey," ó ní. "Dìde, ọmọ mi. Sìmẹ́ńtì máa ń jẹ ara."

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ kọnkéré náà wọlé, ó fà á jáde, ó mú un lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì bu omi wẹ ojú àti ọrùn rẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó fún un ní bùbá àti ṣòkòtò tirẹ̀. Ojúgun ni ṣòkòtò náà mọ. Nígbà tí Wùmí dé, ó bá wọn nídìí tábìlì pọ̀, ọkọ rẹ̀ ń ṣàlàyé táìlì fún àlejò aláṣọ kúkúrú. Wùmí mú fóònù rẹ̀, ó wọ yàrá lọ pe Kẹ́mi.

Gafar ti mọ́ṣáláṣí dé, ó káwọ́ lérí, kó tó mú irin ìdánlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ kọnkéré náà ti ń le. Ó dán an títí, síbẹ̀ ibẹ̀ jìn díẹ̀. Ó ní tó bá gbẹ, òun á fi sìmẹ́ńtì dí i. Adéṣẹ́gun ní rárá, àlẹ̀mọ́ kì í pẹ́ ṣí. Wùmí mọ̀ pé ìyẹn nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bomi rin ilẹ̀ náà kó lè le dáadáa, omi ń dúró sójú kan, ó gùn, ó ní apá méjì.

Inú gáréèjì yẹn ni wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, torí pálọ̀ kò gba èrò. Wọ́n ti wa Píjò jáde. Àwọn ará Sápẹ́lẹ́ ní kí ọmọ àwọn kí àna rẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń kí. Jeffrey tún ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ba, ni Adéṣẹ́gun bá dìde lórí àga, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó," ó ní, ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibi tó jìn. "Èyí tó ṣe ọjọ́sí ṣì wà nílẹ̀."

Oyin, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, wo ibẹ̀, ó rí orí, ó rí apá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dún gba ẹnu géètì jáde dé òpópónà.